Ọmọ Tó Ń Bẹ̀rù Ẹnu Ara Rẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá kan ní Ìkàrẹ́, tí mo gbé pátákó síwájú ilé pé kánsẹ́lọ̀ ni mí, òṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè mí. Èmi ti gbàgbé pé orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pe àwọn tí a ń dìbò yàn sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá ni bàbá àgbàlagbà kan, ará Ọ̀kà tó ń gbé ní àdúgbò náà. Kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, kánsẹ́lọ̀ wa. Gọ́tà àdúgbò wa ti dí. Bí òjò bá rọ̀, inú yàrá mi ni omi ń gbà kọjá."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni kánsẹ́lọ̀ yẹn. Èmi ni irú èyí tó máa ń gbọ́ ohun tó ń dun èèyàn lọ́kàn, tí a óò jọ wá ọ̀nà àbáyọ sí i."

"Ẹ máa ń fún wọn lóògùn?"

"Rárá, bàbá."

"Ẹ máa ń gbàdúrà fún wọn?"

"Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ò jìnnà síbí."

Ó wò mí títí. "Ẹ kàn máa ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni? Ẹ sì ń pe ìyẹn níṣẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé omi tútù fún un. Bó ṣe ń mumi ló dárúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun, tí kì í pè é mọ́. Ó sọ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, "Ara mi fúyẹ́ díẹ̀ ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo ti gọ́tà yẹn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pè mí ní Àǹtí Gáídáǹsì. Mo ń bá wọn yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá jà. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé ohun tó ń da àwọn ọmọ náà láàmú jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Àkúrẹ́ láti tún iṣẹ́ náà kọ́ lọ́dọ̀ Màmá Ajíbóyè, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè láé, àfi bí èèyàn bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu oníbàárà.

Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Àwọn kan á kàn máa gbọ́ ọ láìdá sí i. Àwọn kan á bi ọ́ nípa ìgbà èwe rẹ. Àwọn mìíràn á fún ọ níṣẹ́ kékeré láti lọ ṣe nílé, kí ìwà rẹ lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí Màmá kọ́ wa ni pé ká mọ gbogbo rẹ̀, ká sì mú èyí tó bá ẹni tó wà níwájú wa mu. Ó máa ń ní, "Wọn èèyàn kó o tó gé aṣọ." Bí àgbàlagbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ óò jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ langba ò ní fẹ́ kó o máa wo òun lójú. Bá a rìn lọ, bá a rìn bọ̀, ẹnu rẹ̀ á là. Ní ti ọmọdé, eré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó o bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kí ìwọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìdílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ló yọ̀ǹda kí n sọ ọ́. Orúkọ wọn nìkan ni mo yí padà.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì mi, ló mú ọmọ náà wá. Bàsírátù lorúkọ rẹ̀. Ó wọ híjáàbù ilé ẹ̀kọ́ funfun, ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì mú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Bó ti ń kúnlẹ̀ ló fi ọwọ́ òsì bo ẹnu rẹ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "Ọmọ yìí ò yadi o, Mà. Òun gan-an ló máa ń ka ìwé ṣíwájú gbogbo kíláàsì. A kàn déédéé rí i pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìṣirò tí mo bá fún un, á ṣe é, á gbà á. Bó bá fẹ́ jáde, á nawọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò sí."

Ìyá bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé wọn wá. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá, ó ní bó ṣe ń dákẹ́ nílé náà nìyẹn, ọmọ náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. "Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Àáfà gbàdúrà sómi fún un, ó mu ún. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a wí. Mo tilẹ̀ bá a se mọ́ínmọ́ín tó fẹ́ràn. Ó jẹ ẹ́, kò dúpẹ́."

Mo bi í pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà wo ọmọ, ó wo ògiri, ó ní, "Ó rìnrìn-àjò."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Bí Ọlọ́run bá mú un dé."

Ọ̀rọ̀ náà kọ mí lóminú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ní. Ẹni tó lọ sí Èkó rìnrìn-àjò, òkú náà sì rìnrìn-àjò. Mi ò lè bi í síwájú sí i lójú ọmọ, mo bẹ Ìyá Àgbà pé kó sọ fún bàbá ọmọ náà kó wá rí mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàsírá ti ń wá bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Mi ò ní kó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní kó sọ̀rọ̀, kò wúlò. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo kó àwọn ohun eré mi jáde: bébà, àwọ̀, ìdérí ìgò, àti amọ̀ tútù tí mo máa ń bù láti etí odò. Mo sọ fún un pé, "Nínú yàrá yìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ á dákẹ́. Èmi náà máa ń fẹ́ dákẹ́ nígbà mìíràn." Mo rí i pé èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀.

Amọ̀ ló yàn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan ṣe. Ó mọ èèyàn, ó mọ ewúrẹ́, ó mọ ilé. Èmi náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń mọ èyí tí kò jọ nǹkan kan, débi pé ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó bá mi tún orí rẹ̀ ṣe. Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé gbogbo èèyàn tó mọ ló ní ojú, wọ́n ní imú, wọ́n ní etí. Kò sí èyí tó ní ẹnu. Mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi fa ẹnu sójú ọmọbìnrin kékeré kan nínú wọn. Bàsírá ta kìjí. Ó já a gbà, ó fi àtàǹpàkò pa ẹnu náà rẹ́ kíákíá, ó sì wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ti ẹnìkan sínú iná.

Mo ní, "Má bínú. Ẹnu yẹn ń dẹ́rù bà ọ́?"

Ó mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rántí ibi tí a ti bí wa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé ká ṣọ́ ẹnu wa, pé ohun tí èèyàn bá wí lè ṣẹ. Àgbà lè fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ọmọ níwà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í mọ ibi tó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ àgbà mọ.

Mo sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Àwọn ọmọ kan máa ń rò pé ohun táwọn sọ ló fa ohun búburú tó ṣẹlẹ̀ nílé. Wọn kì í lè sọ ọ́ fẹ́nì kankan."

Kò mirí. Ó bu amọ̀ tuntun. Ó mọ obìnrin kan tó ru ẹrù, ó mọ ọ̀kadà, ó gbé obìnrin náà lé e. Ó wá mú ọmọbìnrin kékeré ọjọ́sí, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ẹnu fún un fúnra rẹ̀, ó gbé e kọjú sí ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ gbá ọ̀kadà dà nù. Obìnrin náà ṣubú, ó fọ́. Bàsírá ṣa á jọ, ó gbẹ́ ihò sínú amọ̀ tó kù, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa bí wọ́n ti ń ṣe ní itẹ́ òkú. Ẹkún wá gbọ̀n ọ́n, ẹkún tí kò ní ohùn nínú. Mo gbé e mọ́ra. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí mi ò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìyá ọmọ yìí ti kú.

Bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, pẹ́ńsù létí, ìyẹ̀fun pákó lórí fìlà. Káfíńtà ni. Mo ní, "Bàbá Bàsírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè mi bínú. Ìyá ọmọ yìí, ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà láyé kẹ̀! Ta ló ní kò sí? L'Ọ́kà ló wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Mo mí kanlẹ̀.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Abọ́ tánganran àti ike ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́jà Ọ̀gbàgì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò kan já wọnú ọ̀nà, ó gbá wọn. Ọlọ́kadà bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Bàsírá fọ́ débi pé àfi kí wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sibítù, kò gbà kí wọ́n mú òun wá sílé. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun rí òun ní ààbọ̀ èèyàn. Kò gba fóònù. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn ọmọ náà, ọkàn òun á fà ya.

"Kí lẹ wá sọ fún ọmọ?"

"A ní ó rìnrìn-àjò."

"Nínú ilé yín, ta lẹ ti sọ pé ó rìnrìn-àjò rí?"

Ó ronú. "Bàbá mi. Nígbà tí wọ́n..." Ó ká ọwọ́ lé orí, fìlà ṣubú. "Yéè! Ohun tí a sọ fún un nígbà tí bàbá àgbà kú nìyẹn!"

Lójú ẹsẹ̀ ni a ti mú Bàsírá wọlé. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ò kú, ó farapa lẹ́sẹ̀, Ọ̀kà ló wà. Ọmọ náà wò ó. Ó na ọwọ́, ó nu omijé ojú bàbá rẹ̀, ó sì padà sídìí amọ̀. Kò gbà á gbọ́. Àgbà tó ti fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó bá wá sọ òtítọ́, òtítọ́ náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́.

Bàbá Bàsírá fẹ́ sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀ kó lọ sọ fún un pé, "Wo ohun tó o fi ojú ọmọ rẹ rí." Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo pe Màmá Ajíbóyè lórí fóònù, mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Màmá ní, "Ṣé ìyá yẹn náà ń ṣọ̀fọ̀?"

"Ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, Mà."

"Nígbà náà, má fi ọmọ na ìyá. Lọ jókòó tì í kó lè rí èèyàn bá sọ tiẹ̀ ná."

Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀nà hàn mí, mo wa ọkọ̀ mi lọ sí Ọ̀kà. Bí èèyàn bá ti kọjá Akùngbá, òkè àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọ̀nà bí ẹni fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nínú ọkọ̀. Bàbá Bàsírá di timutimu kékeré méjì mú lórí itan, èyí tó gé láti fi sórí ọ̀pá méjì tí ọsibítù fún ìyàwó rẹ̀ láti máa fi rìn. Ó ní igi rẹ̀ le jù fún abẹ́ apá.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, mú wa wọlé. Ìyá Bàsírá dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Àwọn ọ̀pá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tuntun ni wọ́n ṣì wà.

Ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. "Wọ́n ní kánsẹ́lọ̀ ni yín. Ṣé ìbò lẹ wá gbà?"

Mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́ dìbò fún mi, mi ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n mo wá kí yín ni."

Ó fa aṣọ ìbora dé ọrùn. Mo jókòó. Nígbà tí mo dìde, mo ní màá tún wá bó bá fẹ́. Ó ní ọ̀nà ò há.

Mo tún lọ, mo tún lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yíjú sí mi. Ó sọ bí òun ṣe máa ń gbé ẹrù abọ́ lórí kọjá láàárín ọjà láìfọwọ́ dì í mú. Ó sọ pé àwọn tó ń wá kí òun máa ń wo aṣọ ìbora níbi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jáde, kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n gé yẹn ń yún mi. Láàárọ̀ yìí mo nawọ́ láti họ ọ́. Ẹ gbà mí, mò ń ya wèrè."

"Ìyá Bàsírá, kì í ṣe wèrè. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ló ṣì ń wá ẹsẹ̀ náà. Bẹ́ ẹ bá padà lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ó ń ṣe ẹlòmíràn?"

"Ó ń ṣe wọ́n púpọ̀."

Ó tẹjú mọ́ mi bóyá mò ń tan òun. Ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Gbogbo òru tí mi ò sùn! Mo rò pé wọ́n sin ẹsẹ̀ yẹn láàyè ni, tó ń pè mí." Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sinmi lé ìrọ̀rí. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí láti ìgbà tí mo ti ń lọ. "Báwo ni Bàsírá? Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Ó ń kàwé. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀."

Ó ti rí i lójú mi pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Mo sọ ọ́ fún un, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí mo ṣe rí i lórí ẹní: obìnrin tó ru ẹrù, ọ̀kadà, ọmọ tó ní ẹnu, àti ibi tó bò mọ́lẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, mo ní kó lọ sílé kéwú. Ó bínú. Ó ní, 'Ẹ máa lọ, kí ẹ má padà wá mọ́.' Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Kí n tó dé kọ́nà, mo ti gbàgbé." Ó ká ọwọ́ kúrò lójú. "Ó rò pé òun ló pa mí? Ọmọ mi rò pé òun ló pa mí?"

"Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn."

"Ìyá Ìbejì!" Ó kígbe débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ gbé mi jókòó. Ọ̀pá yẹn dà?"

Ó fẹ́ kí a mú ọmọ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ kí n lè múra ọmọ sílẹ̀, kí òun náà sì lè gbìyànjú ìdìde. Ìyá Ìbejì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojoojúmọ́ ló ń fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, tó ń làágùn, tó ń bá ọ̀pá jà, tó sì ń bú ẹni tó ṣe é. Èmi ní tèmi bá Bàsírá mọ obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tì í lábẹ́ apá. Mo sọ fún un pé, "Bí màmá rẹ ṣe rí báyìí nìyí. O lè sunkún bó o bá rí i, o lè sá, o lè dákẹ́. Kò sí èyí tó burú." Ó gbé obìnrin náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e padà fún mi.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, láàárọ̀. Bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà, èmi àti òun. Ìyá Àgbà ń ka tẹ̀súbà lọ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí a dé, Ìyá Bàsírá ti jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, lójú gbogbo aládùúgbò, ó lé tìróò, ó we gèlè.

Bàsírá dúró lẹ́nu géètì, kò kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ tì í síwájú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ó gbọ̀n, ó dúró. Ó gbé ọ̀pá síwájú, ó fò lé e, ó tún gbé e. Ó ń bọ̀.

Kò tíì dé àárín àgbàlá tí ọmọ náà fi sáré. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá iṣu jinná. Ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí yẹ̀rì ti dúró lófo.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàsírá, mo gbọ́ ohun tó o sọ lọ́jọ́ náà. Ìbínú ọmọdé ni, ẹ̀rín ni mo fi rín. Ẹnu rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mọ́tò ló gbá mi, ẹni tó wà á ló sáré jù. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ọmọ náà mirí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ohùn tó jáde há, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì ṣí láti ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀, ọmọ mi."

"Alihamudu lilahi!" Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo yára fi ìka lé ẹnu, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí gbogbo èèyàn bá ya lé e lórí, ó lè tún padà sínú ìkarahun. Ìyá Ìbejì bo ẹnu ara rẹ̀, ó sá wọ ilé ìdáná, ibẹ̀ ló ti lọ ń jó. A ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń ṣubú. Bàbá Bàsírá ti kọjú sí igi máńgòrò, ó ń fọwọ́ pa èèpo rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ là á ní pákó, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Èmi náà rí i pé ó yẹ kí n lọ wo nǹkan kan nínú ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jókòó, mo gbé orí lé sítíárìn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ sí Ìkàrẹ́, ìyá náà wà pẹ̀lú wa, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, ọ̀pá méjì lórí itan gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn. Bàsírá ń sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́: ti adìyẹ tó pamọ, ti ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ti mọ́ínmọ́ín Ìyá Àgbà tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Bàsírá, sinmi ná, ẹnu ò rẹ̀ ọ́?"

Bàbá Bàsírá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Kò tán lọ́jọ́ kan o. Ní ilé nìkan ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, lẹ́yìn náà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé ẹ̀kọ́, ó sì pẹ́ kó tó lè dáhùn bí wọ́n bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní sùúrù, kò fi ipá mú un. Ìyá náà ní àwọn ọjọ́ tí kò fẹ́ dìde rárá. Mo máa ń lọ kí i nílé. Ọkọ rẹ̀ kan àga tó ga fún un, ó fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn kó má baà máa gun àtẹ̀gùn, ó sì kan ìsọ̀ síwájú ilé fún abọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra abọ́ ló ń wá bá a báyìí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí títí irun mi fi funfun. Mo ti rí èyí tí kò yọrí sí rere, tí mo gbé ìrònú rẹ̀ sùn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a ó yẹ̀ wò, kò sí egungun tí a ó ya àwòrán rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn nípa àárọ̀ kan tí Bàbá Bàsírá já wọ ọ́fíìsì mi láìkan ilẹ̀kùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó dúró gbagidi síwájú mi. Mo dìde.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó ní, "Wọ́n lé Bàsírá jáde ní kíláàsì."

"Kí ló ṣe?"

"Ariwo ni." Ẹnu rẹ̀ ti ń ya dé etí. "Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ó ń pariwo jù. Ó ní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Ó ní kí n wá mú un."

Ó jókòó sórí àga mi láìgbàṣẹ, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí oníṣọ̀ọ́bù kejì fi wá yọjú wò wá. Lẹ́yìn náà ló gbé fìlà rẹ̀, ó sì lọ mú ọmọ aláriwo rẹ̀.